Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Agbára Ọkọ̀

Iṣẹ́ méjì ló ń bọ́ wa nínú ilé wa ní Ara. Ìyá mi ń ta gàrí, bàbá mi sì ń tún ọkọ̀ ṣe. Ìyá mi kì í bá oníbàárà jà púpọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé gàrí òun kò pé, ìyá mi á gbé kóńgò síwájú rẹ̀, á yí ìdí rẹ̀ sókè kí onítọ̀hún rí i pé wọn kò lù ú wọnú, á sì tún gàrí náà wọ̀n lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ní ti bàbá mi, ìjà kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà á ní ọkọ̀ òun kò lágbára mọ́, bàbá mi á ní ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ni yóò dá ẹjọ́ náà?

Lọ́dún tó kọjá, irú ìjà bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí wàhálà. Bọ̀dá kan láti Ẹdẹ gbé Golf 3 rẹ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá mi. Ẹ́ńjìnnì 1.8 ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí bàbá mi yọ ọ́ kúrò, kí ó fi ẹ́ńjìnnì 2.0 tókunbọ̀ sí i, kí ó pààrọ̀ páìpù èéfín rẹ̀ sí èyí tó fẹ̀, kí ó sì so kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tuntun kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá mi àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, bàbá mi wà á dé Ẹdẹ, ó wà á padà, ó bọ́ọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ọkọ̀ yìí ti di ogóje agbára ẹṣin." Bọ̀dá náà yọ̀, ó sanwó. Nínú owó yẹn ni bàbá mi ti ya owó ìdánwò WAEC mi sọ́tọ̀.

Kò tó oṣù kan tí bọ̀dá náà fi padà dé. Ó ní ọkọ̀ náà ń kọ́ tí òun bá ń gun òkè, ó ń gbóná, kò sì yára tó bí ó ti yẹ kí ó yára. Ó ní òun fẹ́ gba owó òun padà. Bàbá mi fi etí rẹ̀ búra. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òun ti ń fi etí yìí gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, kò sì parọ́ fún òun rí. Bí wọ́n ti ń pariwo mọ́ra wọn, ìyá mi gbé orí sókè níbi tó ti ń ku gàrí, ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé kò sí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀ ni?"

Gbogbo wọn dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló gbé mi dé inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kóńgò náà wà, ó sì ti pẹ́ tí ó ti wà. Ìjà láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà gan-an ló bí i. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó ń jẹ́ James Watt gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1769 fún ọ̀nà tuntun tí ó fi mú kí ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́ má jẹ èédú púpọ̀ mọ́. Òun àti Matthew Boulton ni wọ́n jọ ń ṣòwò ẹ́ńjìnnì náà. Fún àwọn tó ti ń lo ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ìdíyelé kò le: wọ́n á wo iye èédú tí ẹ́ńjìnnì tuntun bá bá oníbàárà fi pamọ́, wọ́n á sì gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé ẹṣin ni ó fi ń yí ọlọ rẹ̀? Ẹṣin kì í jẹ èédú. Ohun tí onítọ̀hún fẹ́ mọ̀ ni pé, "Ẹṣin mélòó ni ẹ́ńjìnnì yín yìí lè rọ́pò?"

Watt kò fi ẹnu lásán dáhùn. Ó mú ẹṣin tó ń yí ọlọ, ó ṣírò rẹ̀ pé ẹṣin náà ń yí po nígbà 144 ní wákàtí kan, pé ojú ọ̀nà tó ń rìn jìnnà sí àárín ọlọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 12, àti pé agbára tó fi ń fà á tó pọ́n-ùn 180. Nígbà tí ó ṣe ìṣírò rẹ̀, ó súnmọ́ 33,000. Èyí ni pé ẹṣin kan lè gbé ẹrù pọ́n-ùn 33,000 sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní nǹkan bí ọdún 1783 ni ìwọ̀n yìí fìdí múlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "agbára ẹṣin" ti wá, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè lójoojúmọ́ láìrí ẹṣin kankan. Lónìí, agbára ẹṣin kan jẹ́ nǹkan bí 746 wáàtì. Orúkọ Watt náà ni wáàtì tí a ń kà lára gílóòbù iná.

Nípa bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ti dé. Ohun tó kù ni irinṣẹ́ tí a ó fi wọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹni tó bá sọ pé kóńgò ni òun fi ń tà gbọ́dọ̀ ní kóńgò lọ́wọ́. Ní ọdún 1821, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaspard de Prony, ṣe irinṣẹ́ kan tó rọrùn gan-an. Ó fi igi méjì há àgbá tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín, ó sì so ọ̀pá gígùn mọ́ àwọn igi náà. Bí wọ́n bá ṣe ń fún igi náà mọ́ àgbá, bẹ́ẹ̀ ni àgbá yóò máa fẹ́ gbé ọ̀pá náà yí, bí ìgbà tí a bá tẹ bírékì kẹ̀kẹ́. Wọ́n á wá so òkúta ìwọ̀n mọ́ orí ọ̀pá náà títí tí kò fi ní lè gbéra mọ́. Ẹni tó bá mọ bí òkúta náà ti wúwo tó, bí ọ̀pá náà ti gùn tó, àti iye ìgbà tí àgbá ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ó ti mọ agbára ẹ́ńjìnnì náà. Kò nílò etí ẹnikẹ́ni.

Igi Prony kò lè gba ẹ́ńjìnnì ńlá, nítorí pé yóò gbóná, yóò sì jó. Ní ọdún 1877, William Froude tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òmíràn tó ń lo omi láti dá ẹ́ńjìnnì dúró, kí wọ́n lè fi wọn ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe títí ó fi di ẹ̀rọ tí a ń pè ní dáínámómítà, tí àwọn tó ń lò ó gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí dáínò. Èyí tó wà fún ọkọ̀ òde òní kò tilẹ̀ ní kí a yọ ẹ́ńjìnnì. Rọ́là irin ńlá ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Wọ́n á gbé táyà ọkọ̀ lé e, ọkọ̀ á máa sáré lójú kan, rọ́là á sì máa ka agbára rẹ̀.

Ìgbà tí mo ka èyí tán, mo bi ara mi pé, kí ni àwa ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn? Ṣé a kàn jókòó ni? Rárá o. Ìtàn fi hàn pé kò pẹ́ tí ọkọ̀ dé ilẹ̀ wa tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á dà.

Ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, ó gba Ẹdẹ kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ní nǹkan bí ọdún 1906 ni ìjọba ṣí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, kí mọ́tò lè máa kó ẹrù wá bá rélùwéè. Ní Èkó, W. A. Dáwódù wà nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ ń ta mọ́tò tí ó sì ń tún un ṣe. Nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀, inú mi dùn, nítorí mo rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn òyìnbó nìkan ló wà nídìí iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn bàbá tó ń ṣe iṣẹ́ bí ti bàbá mi bá ń wá ẹni tó ṣáájú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí Dáwódù.

Lẹ́yìn náà ni bọ̀lẹ̀kájà dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lọ́rì yìí kò dé odindi. Orí ẹ́ńjìnnì, férémù irin àti táyà ni wọ́n ń kó wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Bedford àti Austin. Àwọn káfíńtà wa ló ń fi pákó kọ́ ilé rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Wọ́n ń ṣe bẹ́ńṣì sí i fún èrò, wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún kòkó àti iṣu, wọ́n sì ń kun ún, wọ́n ń kọ òwe àti àdúrà sí i lára. Ohun tí òyìnbó ṣe ní ìdajì, àwa la ṣe ìdajì tó kù. Bákan náà ni mólùẹ̀ Èkó. Orí férémù Mercedes 911 tó jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn wẹ́dà ti kọ́ ilé bọ́ọ̀sì sí, tí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè tó ní ìlà dúdú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn tó ṣe èyí kò mọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí káfíńtà bá fi pákó tuntun kún bọ̀lẹ̀kájà, báwo ni ó ṣe ń mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà ṣì lè gbé e? Ọ̀nà ni yóò sọ fún un. Bí ọkọ̀ bá lè gun òkè, ó dáa. Bí kò bá lè gùn ún, ọmọ ọkọ̀ á bọ́ọ́lẹ̀, á fi igi dí táyà lẹ́yìn. Òkè ni dáínò wọn. Ìdánwò gidi ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe inú rẹ̀ lè gba ẹ̀mí èèyàn. Nígbà tí àwọn àgbà oníṣẹ́ yẹn sì kú, wọ́n mú ohun tí òkè kọ́ wọn lọ, nítorí pé inú orí wọn ló wà.

Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ ńlá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà: ti Peugeot ní Kàdúná, àti ti Volkswagen ní Èkó, ní ọ̀nà Badagry. Èyí tí àwọn òbí wa kò gbàgbé nínú ti Volkswagen ni Beetle, tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá nítorí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Ní ọdún 1980, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, nítòsí wa níbí, kí a lè máa fi ọwọ́ ara wa ṣe àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin. Ìrètí pọ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ọdún 1986, tí ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ìgbà náà ni tókunbọ̀ gba òde. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ mẹkáníìkì wa yí padà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan lè wọnú òmíràn, gíyà láti Bẹ́ljíọ̀mù lè bá ẹ́ńjìnnì láti Jámánì pàdé ní Ara. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi jẹ́ ọmọ ìtàn yìí.

Àwọn kan tilẹ̀ lọ jìnnà ju pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ. Ní ọdún 1997, Ọ̀mọ̀wé Ezekiel Izuogu, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Poli ti ìjọba àpapọ̀ ní Nekede lẹ́bàá Owerri, gbé ọkọ̀ kan jáde tó pè ní Z-600. Púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ ló jẹ́ pé ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀gágun Ọládiípọ̀ Diya, tó jẹ́ igbákejì olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, wà níbi ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ méjìlá dìde láti yẹ ọkọ̀ náà wò bóyá ó yẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yege, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tọ́ka sí àwọn ohun díẹ̀ tó yẹ ní àtúnṣe. Ìjọba ṣèlérí owó mílíọ̀nù 235 náírà. Owó náà kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, àwọn olè fọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ohun tí ó fi ń mọ ẹ̀yà ọkọ̀ náà lọ. Ní ọdún 2020, Ọ̀mọ̀wé Izuogu kú, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì di ohun tí a ń rà lọ́jà.

Ìtàn yìí dùn mí nítorí pé ó fẹ́ tako ohun tí mo ń sọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí ìwọ̀n, ó pé, síbẹ̀ kò rí olùrànlọ́wọ́. Àwọn àgbà wa ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Mo gbà pé ìwọ̀n nìkan kò tó. Ẹni tó wọ̀n nǹkan àti ẹni tó ni àṣẹ lórí owó gbọ́dọ̀ jọ bọ̀wọ̀ fún ohun tí ìwọ̀n sọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò, kò sí ẹni tó lè dìde lónìí láti sọ pé àlá lásán ni Izuogu lá. Ìwọ̀n kò fún un lówó, ṣùgbọ́n ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sín.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni ti Ṣẹ́gun Oyèyíọlá. Ní ọdún 2014, nígbà tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Fásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ó mú Volkswagen ìjàpá kan, ó sì pa á dà di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ó gbé páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí rẹ̀, ó sì fi ohun tí afẹ́fẹ́ ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, kí ó lè máa ṣe iná nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ọdún kan ni ó fi ṣe é, owó tó ná kò sì tó 6,000 dọ́là. Bátìrì rẹ̀ ń gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó kún. Ẹ wo bí ìròyìn rẹ̀ ṣe dùn mọ́ni. Kí ló mú kí ó dùn? Nọ́ńbà ni. Ẹni tó sọ pé bátìrì òun ń kún ní wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ti fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni yẹn lè sọ pé, "Èmi yóò sọ ọ́ di wákàtí mẹ́ta."

Mo ti fẹ́ gbàgbé bọ̀dá tó ni Golf.

Alága àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa ni wọ́n pè sí ìjà náà. Bọ̀dá ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó tó ní dáínò. Alága wá ṣe ìdájọ́: kí ọkọ̀ náà lọ sórí ìwọ̀n. Bí àṣìṣe bá jẹ́ ti bàbá mi, bàbá mi ni yóò san owó ìwọ̀n, yóò sì tún iṣẹ́ náà ṣe tàbí kí ó dá owó padà. Bí kò bá sí àṣìṣe níbẹ̀, bọ̀dá ni yóò san án, yóò sì tọrọ àforíjì. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Mo bẹ bàbá mi kí n tẹ̀ lé wọn, ó ní, "Ìwọ tí o ń ka físíìsì, wá wo bí wọ́n á ṣe dá bàbá rẹ láre."

A kúrò ní Ara ní aago mẹ́rin òwúrọ̀. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ náà kí bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gbé táyà iwájú ọkọ̀ náà lé rọ́là, nítorí pé táyà iwájú ni Golf fi ń fa ara rẹ̀. Ó fi bẹ́líìtì lílágbára so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ níwá lẹ́yìn, ó gbé fáànù ńlá síwájú rẹ̀ kí ó má baà gbóná, ó sì ti ọ̀pá kékeré kan bọ páìpù èéfín. Ọ̀pá yẹn ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe ń pàdé nínú ẹ́ńjìnnì. Ó fi í sí gíyà kẹrin, ó tẹ̀ ẹ́. Ariwo gba gbogbo ilé. Mo di etí mi, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ń gun òkè lọ. Lójijì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ẹ́ńjìnnì tó dé ibi tó yẹ kó dé.

Agbára ẹṣin 79 ni ó kà.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ó wí, "ẹ wo ìlà kejì yìí. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i, pístìnnì lè jó."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Kí epo bẹntiróòlù tó lè jó tán pátápátá, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ló yẹ kó pàdé ìwọ̀n epo kan. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ ọkọ̀ dópin, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i, kí afẹ́fẹ́ wá sí nǹkan bíi 12.5 tàbí 13, nítorí pé epo náà ń bá ẹ́ńjìnnì dín ooru kù. Tiwa ti kọjá 16. Bàbá mi wo ìlà náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà yín ló ń parọ́?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, sà." Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ìlà náà gba ojú ibi tó gbà tẹ́lẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Mo rántí ìyá mi tó ń tún gàrí wọ̀n lójú oníbàárà.

Nígbà náà ni bàbá mi dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, "Pọ́ǹpù epo ni. Mi ò pààrọ̀ pọ́ǹpù." Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì 1.8 àtijọ́ ló ṣì wà nínú táǹkì, ó ti gbó, kò lè fún ẹ́ńjìnnì 2.0 ní epo tó tó nígbà tó bá ń sáré. Ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, epo ń tó o, ohùn rẹ̀ sì ń dùn. Etí bàbá mi kò parọ́. Ohun tí etí gbọ́ kọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè.

Bàbá mi àti bọ̀dá lọ sí ọjà Ládípọ̀, wọ́n ra pọ́ǹpù àti fílítà tuntun, bàbá mi sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọpọlọ ọkọ̀. Ó ń fi epo kún un díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣe àtúnṣe sí àsìkò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń tan iná, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wò ó, ó tún ń ṣe é. Ìgbà tí ó parí, ó ka 97.

Mo rí i pé ojú bàbá mi fà ro, nítorí pé ogóje tó sọ jìnnà sí 97. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì 2.0 yìí, bí ó ti jáde láti ilé iṣẹ́ wọn, 115 ni wọ́n kọ fún un, èyí tí wọ́n wọ̀n lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kí agbára náà tó dé táyà, gíyà á gba tirẹ̀, àwọn béárìn á gba tiwọn, táyà náà á gba tirẹ̀. Ó dà bí omi tí ọmọdé pọn láti odò: èyí tó bù kọ́ ni èyí tó gbé délé. "Bàbá, iṣẹ́ yín dáa," ni ó wí. "Fún ẹ́ńjìnnì tókunbọ̀, 97 ní táyà kì í ṣe ohun àfojúdi."

Bọ̀dá ló wà á padà sílé. Nígbà tí a dé àwọn òkè tó wà lọ́nà, ọkọ̀ náà kò kọ́ mọ́, kò sì gbóná. Kò béèrè owó rẹ̀ padà. Bàbá mi san owó ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, owó ìdánwò mi sì ni ó fi san án. Ìyá mi ló fi owó gàrí dí i, ọjọ́ méjì péré ló kù kí ìforúkọsílẹ̀ parí. N kò ní gbàgbé ọjọ́ méjì yẹn.

Àwọn kan lè sọ pé dáínò jẹ́ ohun ìṣeré olówó, pé kí ni ó kan ìlú bíi Ara. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ ní in. Ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá ní òṣùwọ̀n kan tí gbogbo oníṣẹ́ fọkàn tán, ìjà yóò dín kù, ìwà ẹ̀tàn yóò dín kù, ọmọọṣẹ́ yóò sì mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. A ní ilé ẹ̀kọ́ Poli ti ìjọba àpapọ̀ ní Ẹdẹ, a ní àwọn fásítì láyìíká wa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè ní irú ẹ̀rọ yìí, tí mẹkáníìkì lè gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní owó tí kò ga jù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, àwọn mẹkáníìkì yóò sì rí òtítọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹnu dùn ún ròfọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Prony fi igi méjì àti òkúta bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí a dé láti Èkó, bàbá mi ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ó ní kí n bá òun fa ìlà sí i. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, mo kọ irú ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi sí i, 79, pọ́ǹpù epo, 97. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù béèrè ìdí tí ọ̀gá fi ní kí a kọ 79 síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 97 ló gbẹ̀yìn. Bàbá mi ní, "Kọ méjèèjì. Èyí tí mo ṣì ṣe ni ìwọ kò gbọdọ̀ ṣì ṣe."

Ìwé náà wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ìyá mi ló bá wọn fi ọ̀rá bò ó kí epo dúdú má baà bà á jẹ́. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló ti wà nínú rẹ̀.